Orúkọ Tí Àpèkẹ́ Sọ Ìyá Ọkọ Rẹ̀

Àpèkẹ́ Àjàlá ń gbé ní St. Albans, ní Queens, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ló sì ń ṣe. Ilé onílé ló ti ń ṣe é. Ó ń wẹ̀ fún wọn, ó ń fún wọn lóògùn, ó ń fi kẹ̀kẹ́ tì wọ́n jáde lọ gbatẹ́gùn. Bó bá padà délé, ìyá ọkọ rẹ̀ ló tún ń tọ́jú. Kì í ráhùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, bí wọ́n bá fẹ́ bá ìyàwó tuntun wí, wọ́n á ní, "Lọ wo ìyàwó àwọn Àjàlá." Àpèkẹ́ máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó ń gbọ́, ó sì ń dùn mọ́ ọn.

Susan ni orúkọ ìyá ọkọ náà. Tíṣà ni ní Abẹ́òkúta kó tó fẹ̀yìn tì. Ní New York, Màmá ni gbogbo èèyàn ń pè é.

Ohun kan tún wà tí Àpèkẹ́ fi ń yangàn: ìwé kì í sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìlú ìwé sì ni ìlú yẹn. Èèyàn kò lè ṣàìsàn níbẹ̀ láìní ìwé, kò lè háyà yàrá láìní ìwé, bó bá kú pàápàá, ìwé ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà kan rí, Àpèkẹ́ máa ń kó ti ilé wọn sínú fódà lórí kọ̀ǹpútà bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe. Fódà dà bí yàrá. Ìwé tó bá wọ yàrá kan kò sí ní yàrá kejì mọ́. Ìwé dókítà ojú tí ìnṣọ́ránsì kọ̀ láti san, ṣé inú fódà ojú ni kó lọ ni, àbí fódà ìnṣọ́ránsì, àbí fódà ẹni tó ni ojú? Yóò fi í sí ọ̀kan, yóò wá a lọ sí òmíràn, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀.

Ọkùnrin kan wà ní Tremont, nínú Bronx, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn onígààrí. Afeez ni wọ́n ń pè é, ọmọ Abẹ́òkúta ni. Òun ló gba Àpèkẹ́ lọ́wọ́ fódà.

"Àǹtí, ẹ fi yàrá kíkọ́ sílẹ̀," ó ní. "Ẹ kó gbogbo wọn sójú kan. Kí ẹ wá máa sọ wọ́n lórúkọ."

"Orúkọ wo?"

"Orúkọ tó bá wù yín, iye tó bá sì wù yín. Ṣé orúkọ kan ṣoṣo lẹ̀yin náà ń jẹ́?"

Àpèkẹ́ rò ó. Àpèkẹ́ ni oríkì rẹ̀. Olúwapẹ̀lúmi ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó Àjàlá ni.

"Rárá," ó ní. "Mo ní mẹ́ta."

"Èyí tí wọ́n bá pè níbẹ̀, ẹ ò ní dáhùn?"

"Màá dáhùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà ṣe máa dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Láti ọjọ́ náà, Àpèkẹ́ kò kọ́ yàrá fún ìwé mọ́. Ó ń gbé ìwé sínú kọ̀ǹpútà, ó ń so orúkọ mọ́ ọn lára. Kò sì sọ ọ́ lórúkọ bí àwọn akọ̀wé ṣe ń ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe wá sí i lẹ́nu ló ṣe ń kọ ọ́. Ìgbà tí onílé kọ lẹ́tà pé kí wọ́n má dín ẹja mọ́ nítorí òórùn, "onílé" ló kọ́kọ́ pè é, lẹ́yìn náà "ẹja", lẹ́yìn náà "ọ̀yájú". Ìgbàkigbà tí inú bá ń bí i sí onílé, á kọ "ọ̀yájú" sí ibi ìwárí, gbogbo lẹ́tà ọkùnrin náà á sì tò síwájú rẹ̀. Ọ̀nà yẹn rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kò sí ẹni tó ń yọjú wò ó.

Ìgbà tó bí Doyin, ọmọbìnrin rẹ̀, ni Màmá wá láti Abẹ́òkúta láti bá a tọ́jú ọmọ. Oṣù mẹ́ta ló ní òun máa lò.

Ìyá àti ìyàwó kò kọ́kọ́ mọwọ́ ara wọn. Tíṣà ni Màmá. Ohunkóhun tó bá rí, ó gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ó tún ìkòkò tò. Bí Àpèkẹ́ bá wẹ ọmọ tán, á gbà á, á tún un wẹ̀. Bí Àpèkẹ́ bá gbàdúrà tán, á fi ẹsẹ Bíbélì tó ṣì kà hàn án. Oṣù mẹ́ta pé, Màmá ní kí òtútù kọ́kọ́ kásẹ̀ nílẹ̀, nítorí orúnkún òun. Òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, ó ní kí ooru ó rọlẹ̀.

Ọjọ́ kan, Súnkànmí, ọkọ Àpèkẹ́, ti ibi takisí tó ń wà dé. Ó bá ìyàwó rẹ̀ nínú kíṣìnnì tó ń fọ abọ́ tí Màmá ní kò mọ́. Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Àlejò tí kì í lọ."

Àpèkẹ́ rẹ́rìn-ín títí tó fi di etí àwo ìfọwọ́ mú. Ó pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. Láti ìgbà náà, ó di ọ̀rọ̀ àárín àwọn méjèèjì. "Àlejò tí kì í lọ ti jí?" "Àlejò tí kì í lọ ní iyọ̀ pọ̀." Ọ̀rọ̀ náà ló ń jẹ́ kí Àpèkẹ́ lè fara dà á. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìwé orúnkún Màmá dé láti ọsibítù. Àpèkẹ́ gbé e sínú kọ̀ǹpútà, ó sọ ọ́ ní "Màmá", ó sọ ọ́ ní "orúnkún". Ẹ̀kẹta jáde lọ́wọ́ rẹ̀ láìrò ó: "àlejò tí kì í lọ".

Ìwé Màmá ń pọ̀ sí i. Ó rẹ Àpèkẹ́ láti máa sọ ìkọ̀ọ̀kan lórúkọ, ó sì gbé kọ̀ǹpútà tọ Afeez lọ. Afeez kọ́ ẹ̀rọ náà. Ìwé tàbí fótò tuntun tí orúkọ Susan Àjàlá tàbí Màmá bá wà lára rẹ̀, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò wo ohun tí àwọn ti àtẹ̀yìnwá ń jẹ́, yóò sì fi jíǹkí rẹ̀. Àpèkẹ́ dúpẹ́. Kò bojú wẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Àpèkẹ́ nínú ikùn. Ìyá tó bí i ti kú nígbà tó wà lọ́mọdé. Súnkànmí wà lẹ́nu takisí. Màmá ló gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, lórí orúnkún tó ń ro ó yẹn. Ó ń wẹ̀ fún un, ó ń bọ́ ọ bí ọmọ, bó bá kọ oúnjẹ, á pàṣẹ fún un bí ẹni ń pàṣẹ fún kíláàsì. Ọjọ́ tí Àpèkẹ́ kọ́kọ́ dá rìn dé ilé ìwẹ̀, Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún. Àpèkẹ́ rí i. Láti ọjọ́ yẹn ló ti di ọmọ Màmá.

Ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ yẹn mọ́ nínú kíṣìnnì. Kò sí ẹni tó sọ pé kí wọ́n jáwọ́. Ó kàn kúrò lẹ́nu wọn ni.

Ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹbí kan bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ṣìmí. Ṣìmí ni àbúrò Súnkànmí obìnrin. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí Port Richmond, ní Staten Island, ilé náà sì ní yàrá kan nísàlẹ̀ tí kò ní àtẹ̀gùn. Ó ní orúnkún Màmá kò gbé àtẹ̀gùn St. Albans mọ́, kí Màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Súnkànmí ní ẹnu Màmá làwọn máa ti gbọ́ ọ. Wọ́n fi í sí ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, nílé Ṣìmí.

Àpèkẹ́ kò fẹ́ kí Màmá lọ. Bí Màmá bá lọ, ta ni yóò tún máa pè é láti yàrá pé oúnjẹ rẹ̀ ti tutù? Bí Màmá bá lọ, ṣọ́ọ̀ṣì á béèrè ohun tí ìyàwó rere ṣe tí ìyá ọkọ fi kó jáde. Àwọn nǹkan méjèèjì wà lọ́kàn rẹ̀, kò sì mọ èyí tó wúwo jù. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dání. Ó fẹ́ kí wọ́n rí i pé kò sí ẹni tó mọ Màmá tó òun.

Bí wọ́n ṣe jẹun tán, ó gbé e sórí tábìlì.

"Ìyàwó wa," Ṣìmí ní, "ẹ̀rọ lẹ gbé wá sípàdé ẹbí? Ṣé ẹ fẹ́ ta nǹkan fún wa ni?"

"Mi ò ta nǹkan, Ìbàdíàrán. Ìtọ́jú Màmá ni mo fẹ́ fi hàn yín."

Ìbàdíàrán ni orúkọ tí Àpèkẹ́ sọ Ṣìmí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyàwó wọlé. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ó máa ń fún wọn ní orúkọ tó lẹ́wà ni, wọn a sì máa jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀. Ìyá ọkọ nìkan ni kò sí lára wọn. Màmá ni Màmá ń jẹ́.

"Ara Màmá la ti ń rí ìtọ́jú," Ṣìmí ní. "Wọ́n jókòó síbẹ̀ yẹn. Wọ́n dán."

"Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí léèrè. Ohunkóhun nípa Màmá."

"Ó dáa. Oògùn wo ló mú ara yún wọn lọ́jọ́sí?"

Àpèkẹ́ kọ "ara yíyún". Ìwé náà yọ bí ọmọ tí wọ́n pè láti òde.

"Ta ni dókítà eyín wọn?"

Ó kọ "eyín". Ó yọ.

"Fótò tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n pé ọgọ́rin ọdún, èyí tí wọ́n fi fìlà bàbá wa dé orí?"

Àpèkẹ́ kọ "fìlà". Màmá yọ tòun ti fìlà. Súnkànmí pàtẹ́wọ́. Màmá alára rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó ya fótò náà kò mọ̀ ọ́n yà.

"Fódà mélòó lẹ pín gbogbo èyí sí?" Ṣìmí béèrè. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Kò sí fódà kankan níbẹ̀. Orúkọ ni wọ́n ń jẹ́." Àpèkẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ bí Afeez ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ó ń gbádùn ara rẹ̀.

Ṣìmí mi orí. "Èmi tí mi ò rí ìwé àná. Màmá, òótọ́ ọ̀rọ̀, mi ò ní lè ṣe tó báyìí o."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àpèkẹ́ létí bí orin. Ó kù díẹ̀ kó gbé Màmá padà sílé.

"Ẹ̀ ń rí i, èmi ò rí i," Màmá ní. Ojú rẹ̀ kò dára mọ́ bíi ti àtijọ́. Ṣìmí ní kí wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Àpèkẹ́ so ó. Lẹ́tà náà wá tóbi bí èyí tí Màmá ń kọ sójú pátákó láyé ọjọ́un. Màmá fa àga sún mọ́ ọn.

"Ó dáa. Mú ti orúnkún mi wá."

Àpèkẹ́ kọ "orúnkún". Àwọn ìwé náà tò wálẹ̀, gbogbo orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan sì wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà Àpèkẹ́ há. Orúkọ méjì ló ń hàn, á gé ìyókù. Tẹlifíṣọ̀n Ṣìmí fẹ̀. Kò gé nǹkan kan.

Màmá gbé ìka sókè bíi tíṣà, ó ń kà á.

"Màmá. Orúnkún. Àlejò tí kì í lọ." Ìka rẹ̀ dúró. "Ta ni àlejò?"

Àpèkẹ́ yára dáhùn.

"Àṣìṣe ni, Màmá."

"Kò jọ àṣìṣe. Àmì ohùn rẹ̀ pé."

"Ó wà níbí náà," Ṣìmí ní. Ó dìde, ó ń fi ọwọ́ tọ́ ọ. "Ó wà níbí. Ó wà níbí."

"Tẹ̀ ẹ́," Màmá ní. "Jẹ́ ká wo àwọn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Àpèkẹ́ lè pa ẹ̀rọ náà. Ó lè ní iná rẹ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n láti ọdún wọ̀nyí wá, bí Màmá bá ní kó ṣe nǹkan, ó ti máa ń ṣe é kó tó rò ó. Ó tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ń bọ̀, wọn ò tán. Ìwé orúnkún, ìwé ojú, ìwé eyín, páásìpọ́ọ̀tù. Ìwé ẹ̀rí tí àwọn ẹgbẹ́ ìyá nínú ṣọ́ọ̀ṣì fi yẹ́ Màmá sí. Fótò onífìlà. Fótò tí Màmá gbé Doyin sẹ́sẹ̀, tí àwọn méjèèjì ń ya ẹnu sí ara wọn. Ká ní inú fódà ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ sí, ibì kan ṣoṣo ni ìbá wà, ó sì lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ní ṣí ibẹ̀ títí ayé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Àpèkẹ́ kì í ṣe ti fódà. Wọ́n pe orúkọ náà, gbogbo ohun tó jẹ́ ti Màmá sì dáhùn.

"Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyí," Màmá ní. "Ìwé dókítà mi. Ṣé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá náà ni mi ò tíì lọ?"

"Ẹ̀rọ ló ń fi í sí i fúnra rẹ̀, Màmá. Èmi kọ́."

"Ta ló kọ́ ẹ̀rọ?"

Àpèkẹ́ yọ ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.

Ṣìmí ti padà jókòó. Kò pariwo. "Ìbàdíàrán lẹ sọ mí," ó ní. "Mo ń jẹ́ ẹ, mo ń fi í ṣe fáàrí láàárín àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mi ò mọ̀ pé ẹ ti sọ ìyá wa náà lórúkọ."

Àpèkẹ́ wo ọkọ rẹ̀. Súnkànmí ń wo kápẹ́ẹ̀tì, ó ń fi èékánná kan họ èkejì. Gbólóhùn kan ló máa ná an: *èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́, eré la fi ń ṣe.* Ẹrù náà ìbá pín sí méjì. Ó wúkọ́. Ó gbójú sókè, ó ní, "Àpèkẹ́, kí ló dé tó o kọ irú nǹkan báyìí?"

Àpèkẹ́ rò ó. Bí òun bá sọ ọ́, òótọ́ ni. Màmá á sì gbọ́ pé ọmọ bíbí inú òun ló ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà, pé inú kíṣìnnì ni wọ́n ti fi òun rẹ́rìn-ín. Ìyàwó lè ṣìwà hù, inú ilé míì ni wọ́n ti bí i. Ti ọmọ ẹni ńkọ́?

Ó kúnlẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́, Màmá. Ẹ forí jì mí."

Màmá ní, "Nígbà tó o kọ ọ́, ṣé mo ti wẹ̀ fún ẹ nígbà náà?"

"Rárá, Màmá. Ẹ ò tíì wẹ̀ fún mi."

"Lẹ́yìn tí mo wẹ̀ fún ẹ ńkọ́?"

"Mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀."

Màmá mi orí bí ìgbà tí ọmọ bá dáhùn ìbéèrè bó ṣe yẹ, tí ìdáhùn náà kò sì gbà á là. "Dìde," ó ní. "Má fi orúnkún tìẹ náà ṣòfò."

Ó yíjú sí Ṣìmí.

"Yàrá ìsàlẹ̀ yẹn, ṣé ó ní fèrèsé?"

"Ó ní, Màmá. Igi kan ló kọjú sí."

"Mú mi lọ wò ó."

Ṣìmí fà á dìde. Wọ́n rọra ń lọ. Àwọn tó kù nínú pálọ̀ gbọ́ bí bẹ́ẹ̀dì ṣe dún nígbà tí Màmá jókòó lé e, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ní, "Ó tẹ́ mi lọ́rùn."

"Inú ló bí wọn," Súnkànmí ní, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Tó bá yá, á rọlẹ̀."

Àpèkẹ́ yọ okùn tẹlifíṣọ̀n kúrò. Ó wá orúkọ náà kàn lórí kọ̀ǹpútà, ó pa á rẹ́ kúrò lára gbogbo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò gbà ju kí ìka tẹ ibì kan lọ. Ìyẹn ló dùn ún jù, pé kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ.

Ṣìmí jáde láti yàrá. Kò jókòó. Ẹnu Àpèkẹ́ kò gba Ìbàdíàrán mọ́. Àpèkẹ́ ní, "Àǹtí Ṣìmí, oògùn ojú wọn, ojú ọ̀tún ni kí ẹ máa kọ́kọ́ kán an sí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú ìgò náà, wọ́n á ní àwọn lè kán an fúnra àwọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì máa ń kán an sí. Wọn kì í jẹ ata lálẹ́. Bí wọ́n bá dákẹ́ jù, orúnkún ló ń dùn wọ́n. Wọn ò ní sọ. Ẹ máa bi wọ́n."

"Mo gbọ́," Ṣìmí ní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ṣé."

Súnkànmí nawọ́ mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

"Ẹ jókòó ti Màmá," Àpèkẹ́ ní. "Màá wọ bọ́ọ̀sì dé ibi ọkọ̀ ojú omi."

"Ọ̀nà yẹn jìn."

"Mo mọ̀."

Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó kúnlẹ̀ níbẹ̀. Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan.

"Màmá, mo ń lọ."

"Ó dàbọ̀. Sọ fún Doyin kó pè mí."

"Màá sọ fún un."

Ó dúró bóyá Màmá á tún sọ nǹkan. Màmá ń tú okùn bàtà kejì. Ó rí Àpèkẹ́ tó ń bọ̀ láti bá a tú u, ó ní kó fi sílẹ̀, òun á ṣe é.

Àpèkẹ́ dìde, ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sì jáde.